ÀJẸ̀ MÉJÌ, ỌKỌ̀ KAN

Ẹ̀kọ́ fún àkókò tí omi bá kún

Bíbélì kíkà: Marku 6:45–52, Johanu 6:16–21, Matteu 5:23–24.

Kókó ẹ̀kọ́: Olúwa ń wo ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kórìíra arákùnrin rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa yí ojú kan ni.



Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe mọ́tò, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, kì í sì í ṣe ọkọ̀ elénjìnnì tí ń pariwo kọjá lójú ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí ó ń ta omi sí ènìyàn lára. Ọkọ̀ àjẹ̀ ni mo wí. Ọkọ̀ onígi tí a ń fi ọwọ́ wà, tí kì í lọ bí ọwọ́ kò bá lọ. Àwọn àgbà inú wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Kí ọ̀dà tó dé ojú títì wa, omi ni ọ̀nà. Omi ni a gbà lọ sí ọjà, omi ni a gbà lọ sin òkú, omi ni a gbà gbé ìyàwó wálé. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ Àjàṣẹ́ wà tí kò tíì di àjẹ̀ mú rí. Wọ́n ń wo ọ̀sà láti orí afárá bí ẹni ń wo àwòrán. Nǹkan sọnù níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Nǹkan náà ni mo fẹ́ kí a wá lọ lónìí.

OMI TIWA

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi wa ti rí, nítorí àwọn ará wa tí ó wà ní òkè. Odò Ouémé, tí àwọn tó ni etí odò náà ń pè ní Wẹmẹ, ó gùn tó bíi kìlómítà 500 láti àríwá ilẹ̀ Benin títí dé ọ̀sà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, àárín òun àti odò Ọ̀pàrà ni ẹ ń gbé, Ọ̀pàrà náà sì ń ṣàn lọ bá a. Ẹ̀yin ará Kétu, ìwọ̀ oòrùn yín ni ó gbà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ìlú yín wà, tí ẹ sì mọ iyì omi jù wá lọ. Òjò tí ó bá rọ̀ sí yín lórí lọ́hùn-ún, àwa ará ìsàlẹ̀ ni ó ń bá nílé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Nígbà mìíràn oòrùn á ràn ní Àjàṣẹ́, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, síbẹ̀ omi á máa gun àtẹ̀gùn ilé. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ó ṣe ará òkè, kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ ará ìsàlẹ̀. Odò kan náà ni wá.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀rọ̀ aṣọ funfun ní ilẹ̀ yìí kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. S. B. J. Oshoffa, káfíńtà ọmọ Àjàṣẹ́, ọkọ̀ ni ó wọ̀ gba ojú odò lọ sínú igbó láti wá igi ẹ́bónì ní ọdún 1947, níbẹ̀ ni ìpè Ọlọ́run sì ti bá a. Ibi tí ariwo ìlú kò dé ni Ọlọ́run ti bá a sọ̀rọ̀.

OMI GALILI

Ẹ padà sí Bíbélì tí a kà. Jésù ti bọ́ 5,000 ọkùnrin yó. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bọ́ sínú ọkọ̀ kí wọ́n máa lọ sí òdì kejì. Òun gun orí òkè lọ láti gbàdúrà. Ilẹ̀ ṣú. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wọ́n. Wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń wà á, ọkọ̀ kò lọ. Johanu tilẹ̀ sọ ibi tí wọ́n dé: bí a bá fi ìwọ̀n tiwa wọ̀n ọ́n, bíi kìlómítà márùn-ún ni. Láti alẹ́ títí di ìṣọ́ kẹrin òru, èyí tí í ṣe aago mẹ́ta sí mẹ́fà ìdájí, gbogbo agbára ọkùnrin méjìlá kò ju kìlómítà márùn-ún lọ! Apẹja sì wà nínú wọn o, kì í ṣe ẹni tí kò mọ omi.

Bí a bá ti gbọ́ “Òkun Galili”, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa rò pé ó dà bí òkun ńlá tí ó wà ní Kútọnu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Omi dídùn ni, ilẹ̀ sì yí i ká. Gígùn rẹ̀ bíi kìlómítà 21, ìbú rẹ̀ bíi 13. Ọ̀sà Nokoué tiwa, tí Ganvié wà lórí rẹ̀, gígùn rẹ̀ bíi kìlómítà 20, ìbú rẹ̀ bíi 11. Ẹ rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni jíjìn: ní ibi púpọ̀ lórí Nokoué, ọ̀pá atukọ̀ á kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n Galili jìn ju 40 mítà lọ ní àárín rẹ̀. Àwọn òkè wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì máa já bọ́ láti ibẹ̀ lójijì. Ẹni tí ìjì bá ti ká mọ́ ojú Nokoué rí, tí ó ń gbọ́n omi jáde pẹ̀lú igbá tí ó sì ń pe orúkọ Jésù, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ Marku orí kẹfà fún un.

Ní ọdún 1986, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi Galili fà sẹ́yìn, àwọn apẹja méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, rí ọkọ̀ àtijọ́ kan nínú ẹrẹ̀ etí omi. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ọkọ̀ tí ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni, ti àsìkò tí Jésù wà láyé tàbí nítòsí rẹ̀. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 8, ìbú rẹ̀ lé ní mítà 2. Wọ́n ka oríṣi igi tí a fi kàn án àti èyí tí a fi lẹ̀ ẹ́, ó tó mẹ́wàá, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ni ín kò lówó. Ègé igi tí ó bá rí ni ó ń fi dí ihò. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Olúwa wa ń wọ̀. Ìwọ tí o ń sọ pé ayé rẹ ti lẹ̀ jù, pé ihò rẹ pọ̀ jù, Jésù kò kọ ọkọ̀ alẹ̀. Halleluyah!

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́rìí. N kò ṣe é láti yin ara mi, nítorí ẹ̀bi mi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọmọ Wẹmẹ ni ìyá wa. Àjàṣẹ́ ni ó bí wa sí, ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa kú, ó padà sí abúlé rẹ̀ létí odò, ní apá Adjohoun. Ọkùnrin méjì ni ó bí, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi. Ní ọdún 2007, mo kó owó lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ kí ó fi páànù tuntun bo ilé ìyá wa. Oṣù mẹ́fà kọjá. Mo dé abúlé, páànù àtijọ́ ni mo bá lórí ilé. Mo bi í léèrè, ó ní kí n ní sùúrù. Mo tún bi í, ó dákẹ́. Inú bí mi. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo dìde níwájú àwọn àgbà ìjọ, mo pè é ní olè, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi.

Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́ta gbáko, n kò pè é ní Fòfó mọ́, orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wa. Bí ó bá jókòó ní apá ọ̀tún nínú ilé Ọlọ́run, èmi á lọ sí apá òsì. Mo ń kọrin, mo ń tan àbẹ́là, mo ń gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ariwo ni. Bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà, ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Ní ọdún 2010, omi kún ní ilẹ̀ Benin débi pé ó lé ní 600,000 ènìyàn tí ó kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá, ìránṣẹ́ dé: ara ìyá kò yá rárá, kí àwa méjèèjì máa bọ̀ kíákíá. Omi ti bo ọ̀nà ilẹ̀. Mo sáré lọ sí etí ọ̀sà. Àwọn ọkọ̀ elénjìnnì ti lọ tán, ọ̀kan tí ó kù, ẹni tí ó ni ín ní òun kò ní epo. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ń wá ọkọ̀ kiri. Kò sí ẹni tí ó kí ẹnì kejì.

Bàbá apẹja kan, ará Ègùn, wò wá títí. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè yá yín ní ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á láti bá yín lọ. Àjẹ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè wà á dé Adjohoun nínú omi yìí. Tí ẹ ò bá jọ lọ, ẹ má lọ.” Mo gbé àpótí aṣọ mi dé etí ọkọ̀, ó ní kí n gbé e sọ̀kalẹ̀. “Ẹrù ń rin ọkọ̀ mọ́lẹ̀,” ó ní. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wúwo jù, ó ṣì wà láyà mi, bàbá náà kò sì lè bá mi gbé ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ìdí ọkọ̀, nítorí òun ni ó mọ̀ ọ́n darí. Èmi jókòó ní iwájú. Ẹ ṣe àkíyèsí ìjókòó náà. Ẹni tí ó wà níwájú kò rí ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ẹni tí mo pè ní olè, ẹ̀yìn ni mo kọ sí i, ẹ̀mí mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fi ìbínú wa ọkọ̀. Mo ń fi àjẹ̀ gún omi bí ẹni ń gún ejò. Ọkọ̀ yà sápá òsì, ó yà sápá ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan. Gbogbo ibi tí mo bá ti ti ọkọ̀ sí, ó ń fi àjẹ̀ tirẹ̀ dá a padà. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Omi kò bá ọ jà. Rọra.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín wa láti ọdún mẹ́ta.

A kọjá àwọn abúlé Aguégués, níbi tí ilé dúró lórí òpó láàárín omi, tí iná fìtílà ń tàn láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà a kọjú sí òkè odò, ìṣàn omi sì dojú kọ wá. Bí a bá wà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, omi á dá wa padà ní ìdajì. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá yí imú ọkọ̀ kúrò ní agbami odò, ó gba orí oko àwọn ènìyàn tí omi ti bò. Koríko gíga dúró níbẹ̀, ó ń dín agbára omi kù. Ọkọ̀ ń gba orí àgbàdo kọjá, ewé rẹ̀ ń fi ara nu wá ní ìgbọ̀nwọ́. Ibi tí kò jìn, a fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá mọ omi, kì í bá agbára omi figagbága. Ó ń wá ibi tí omi ti rọ̀.

Òru jìn. Kò sí ẹ́njìnnì, kò sí rédíò. Àkèré ń ké lápá kan, wọ́n á dákẹ́ bí a bá súnmọ́ wọn, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. Tànnátànná ń tàn lórí koríko bí àbẹ́là. A kọjá lábẹ́ igi kan tí lékeléke sùn sí, ó funfun láti òkè délẹ̀, bí ìjọ tí ó dúró de ẹni tí yóò gbàdúrà. Mo gbọ́ omi tí ó ń kán láti ẹnu àjẹ̀. Mo gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. N kò rí i, ṣùgbọ́n láti ara èémí náà mo mọ ìgbà tí yóò ki àjẹ̀ bọ omi, èmi náà á sì ki tèmi bọ̀ ọ́. Kò pẹ́, àjẹ̀ méjèèjì ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tọ́. Ní wákàtí náà ni mo ṣàkíyèsí pé ariwo tí ó wà nínú mi láti ọdún mẹ́ta ti dákẹ́. N kò mọ ìgbà tí ó lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Owó páànù yẹn, ara ìyá ni mo ná an sí. Àìsàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, kí ọkàn rẹ má baà dàrú. Mo ṣèlérí fún un.”

Mo gbé àjẹ̀ lé itan mi. N kò lè wà á mọ́. Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí fi ru orúkọ olè láàárín ìjọ nítorí ìlérí tí ó ṣe fún ìyá rẹ̀, èmi tí mo sì sọ ọ́ lórúkọ ń gba oúnjẹ Olúwa láìbẹ̀rù. Mo ní, “Fòfó. Fòfó, ẹ dárí jì mí.” Omi ti ń gbé ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Ó ní, “Wa ọkọ̀ ná. Ká dé ọ̀dọ̀ ìyá ná, ká tó sọkún.”

Ilẹ̀ mọ́, kùrukùru bo ojú omi, oòrùn sì yọ kí a tó rí òrùlé abúlé. Wọ́n ti gbé ìyá wa jókòó sí ẹnu ọ̀nà, omi wà lábẹ́ ilé. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, “Ta ni ń bọ̀ yẹn?” Wọ́n ní àwọn ọmọ rẹ ni. Ó ní, “Àwọn méjèèjì? Ṣé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n bá wá?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé ó dìde lórí àìsàn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò sí i, ó sì sùn nínú Olúwa. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ọmọ méjì ni ó ń bọ́ ọ lóúnjẹ láti inú àwo kan. Bí mo bá ti padà sí Àjàṣẹ́, ibi tí mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní olè gan-an ni mo dìde sí, níwájú àwọn àgbà kan náà, mo sì sọ pé irọ́ ni mo pa. Ó ṣòro ju wíwa ọkọ̀ lọ.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Ìgbọràn kò ní kí afẹ́fẹ́ má dojú kọ ènìyàn. Jésù ni ó rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lọ, wọn kò ṣẹ̀, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ kọjú sí wọn. Bí wàhálà bá dé bá arákùnrin rẹ, má ṣe yára sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ Olúwa ni ó rán an gba ojú omi yẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì. Olúwa rí wọn. Láti orí òkè, nínú òkùnkùn, ó rí ọwọ́ tí ń wa ọkọ̀. Kò wá ní aago méje alẹ́, kò wá ní ọ̀gànjọ́, ìṣọ́ kẹrin ni ó wá. Ṣùgbọ́n ó bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Má ṣe ju àjẹ̀ rẹ sómi nítorí pé Jésù pẹ́. Ẹni tí ó bá ju àjẹ̀, omi yóò gbé e padà sí ibi tí ó ti wá.

Ẹ̀kọ́ kẹta. Omi kì í ṣe ọ̀tá wa. Kí ìmọ́lẹ̀ tó wà, Genesisi orí kìn-ín-ní sọ fún wa pé Ẹ̀mí Ọlọ́run ti wà lójú omi. A máa ń lọ sí etí ọ̀sà lọ gbàdúrà, ó dára, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà àwa nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. A dé pẹ̀lú agogo, a pariwo, a padà sílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ bá àgbà tí ó mọ omi lọ. Ẹ fi ẹ́njìnnì sílẹ̀, ẹ mú àjẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ẹ má sì jáde bí ojú ọ̀run bá dúdú, nítorí ìgbàgbọ́ kọ́ ni ká máa dán Ọlọ́run wò. Ẹ má ju ọ̀rá omi sínú ọ̀sà, nítorí ọkọ̀ ẹlòmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Kí ẹ sì dákẹ́. Apá yóò dùn yín, àtẹ́lẹwọ́ yóò bó, ṣùgbọ́n ní wákàtí kẹta tàbí ìkẹrin ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohun tí ilé kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin. Ẹ mọ ewéko tí ń léfòó, tí ó máa ń dí ojú omi wa nígbà tí odò bá kún, débi pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ọwọ́ ènìyàn kò lè tu ú tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á gba ẹnu ọ̀nà omi tí wọ́n là ní Kútọnu ní ọdún 1885 wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ á sì pa ewéko náà. Ìbínú ni ewéko wa. Ó kọ́kọ́ dà bí òdòdó, a ní ẹ̀tọ́ wa ni, kò pẹ́ ó ti dí ọ̀nà. Iyọ̀ ni ó ń pa á. Iyọ̀ náà ni omijé ẹni tí ó jẹ́wọ́ pé, “Èmi ni mo ṣẹ̀.”

Ẹ̀kọ́ karùn-ún. Ọkọ̀ kan kò gba ọkàn méjì. Matteu orí karùn-ún sọ fún wa pé bí a bá mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní nǹkan sí wa, kí a fi ọrẹ sílẹ̀ ná, kí a lọ bá a làjà. Ẹ wo ìjọ wa. Ẹni tí ó wà níwájú ń rò pé òun ni ó ń fa ọkọ̀, nítorí kò rí ẹni tí ń darí lẹ́yìn. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń rò pé ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí òun. Ta ni ìwọ kọ ẹ̀yìn sí? Ta ni ó ń ru orúkọ tí o sọ ọ́, tí kò sì fèsì? Má ṣe dúró de ìgbà tí omi bá kún kí o tó pè é ní orúkọ rẹ̀.

ORIN

Àjẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, Olúwa,
Òru dúdú, omi jìn;
Ìwọ tí o ń wò láti òkè,
Má jẹ́ kí ọwọ́ wa rọ̀.

Ọkọ̀ wa ti gbó, ó ti lẹ̀,
Síbẹ̀ Ìwọ kò kọ̀ ọ́;
Wọlé wá, afẹ́fẹ́ yóò rọ̀,
Ilẹ̀ yóò mọ́ lójú wa.

Èmi àti arákùnrin mi,
Ọkọ̀ kan la jọ wọ̀;
Mú ìbínú kúrò láyà wa,
Ká jọ gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Rẹ.

ÀDÚRÀ

1. Olúwa, ẹrù tí ń rì ọkọ̀ ayé mi, fún mi ní agbára láti gbé e sọ̀kalẹ̀.

2. Olúwa, gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lójú omi, apẹja, atukọ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà, mú wọn lọ, mú wọn bọ̀.

3. Olúwa, àwọn tí omi wọ ilé wọn lọ́dọọdún ní etí Wẹmẹ àti ní Aguégués, rántí wọn.

4. Olúwa, ẹni tí mo ti bà lórúkọ jẹ́, fún mi ní ẹnu láti tún un ṣe níbi tí mo ti bà á jẹ́.

Kí oore-ọ̀fẹ́ Olúwa wa Jésù Krístì, ìfẹ́ Ọlọ́run, àti ìdàpọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́, wà pẹ̀lú gbogbo wa, láti òkè odò títí dé ọ̀sà. Àmín.